Fáìsì Tí Mi Ò Lè Yá Ọmọ Mi

Kò sí páìpù tó dípẹtà tí mi ò lè tú, láti Ọ̀gbà títí dé Agége. Ẹ lọ béèrè ní àwọn ilé iṣẹ́ bisikíìtì àti ti ọṣẹ. Ibi tí àwọn míì bá ti ní kí wọ́n gé e dànù, èmi á gbé fáìsì mi, irin tó ń di páìpù mú, kalẹ̀, á tú. Ilé ìwé ò fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ibà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn tí Ọlọ́run fi dá mi lọ́lá lẹ́yìn tí irun orí mi ti ń funfun, mo kà á sí iṣẹ́ bí iṣẹ́ yòókù. Kò tíì pé ọdún kan. Ìyàwó mi ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, torí ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ ra agolo mílíìkì tó tóbi jù ní GRA, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò lè rí i. Lójú tèmi, ohun tó ń jáde lára ọmọ, àfi ká dá a padà. Iye ṣíbí tí wọ́n kọ sára agolo, mo ní kí wọ́n máa fi èènì sí i.

Ibà lọ, èébì dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n gbuuru ò lọ. Tó bá ti mu mílíìkì tán, ikùn rẹ̀ á le, á máa kùn, omi kíkan á sì ya jáde tó ń jó o nídìí. Ojú rẹ̀ jìn. Àwùjẹ̀ rẹ̀ náà jìn. Ó ń sunkún, omijé ò jáde.

"Dádì, mílíìkì yìí ò bá a lára mu o," ìyàwó mi ní.

"Kí ló dé tí kò ní bá ọmọ mi lára mu? Ṣé o mọ ilé ìtajà tí mo ti rà á?"

"Inú ọmọ ò mọ ilé ìtajà."

A gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ìfàkọ̀. Èmi ni mo gbé agolo sábẹ́ abíyá. Dókítà ti yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, ó rí ṣúgà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló wá bá wa, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára agolo.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ gbé ìyẹn wá?"

"Èmi ni. Ojúlówó ni."

"Ojúlówó ló ń pa á lọ yìí."

Ó fà mí jókòó. Ó ní ṣúgà inú mílíìkì, méjì ló so pọ̀ di ọ̀kan, kò sì lè gba ara ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀ àfi tí nǹkan bá pín in. Ohun tó ń pín in wà lára ògiri ìfun, ensáìmù ni wọ́n ń pè é, ojú lásán ò lè rí i. Ensáìmù náà ní kòtò kan lára tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ṣúgà yẹn. Bí ṣúgà bá wọ ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á di ìdajì rẹ̀ mú, ẹ̀gbẹ́ kejì á ti oríkèé tó so wọ́n pọ̀, ìdajì kejì á já, á bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó kù á ṣì lẹ̀ mọ́ kòtò náà, títí omi á fi wọlé wá tú u sílẹ̀. Kòtò á wá ṣófo bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á gba òmíràn.

"Fáìsì ni," mo ní. "Fáìsì á di páìpù mú, sípánà á ti oríkèé, a kán kẹrosíìnì sí i, ó tú. Fáìsì ò rù, kò sanra."

"Ẹ máa pè é ní fáìsì. Gbuuru àkọ́kọ́ ti bó ògiri ìfun ọmọ yìí, ó ti gbá fáìsì dànù. Ṣúgà tí ẹ ń dà sí i, kò sí ohun tó máa pín in. Ó dúró síbẹ̀, ó ń kan, ó ń fa omi ara ọmọ sọ́dọ̀. Gbogbo èènì yín, omi lẹ fi ń fà jáde lára rẹ̀."

"Ẹ sọ ibi tí wọ́n ti ń ta fáìsì yẹn. Mo máa rà á."

"Wọn kì í tà á ní Computer Village, Bàbá. Ara rẹ̀ ló máa hù ú padà, bí omi ò bá tán lára rẹ̀ kó tó dìgbà yẹn." Ó gbé omi tí wọ́n fi iyọ̀ àti ṣúgà pò fún mi pẹ̀lú ṣíbí. Ó ní ṣúgà tinú èyí ti wà ní ẹyọ ẹyọ, kò nílò fáìsì. "Díẹ̀díẹ̀ o. Ìtọ̀ là ń retí, òun ló máa fi hàn pé omi ti ń dúró lára rẹ̀. Tó bá ti tọ̀, ẹ pè mí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí kán an sí i lẹ́nu. Fáìsì mi ò níye ní Agége, èyí tó lè di páìpù tó tó itan mú wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tí mo lè yá a. Ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń fa irùngbọ̀n mi rọ̀ sílẹ̀ lórí itan mi. Mo fa awọ ikùn rẹ̀, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Ìyàwó mi ń fọwọ́ kan ìlédìí, ó ń mi orí. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí nítorí iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo ń bẹ Ọlọ́run fún ìtọ̀.

"Dádì, ẹ gbé e fún mi, kí ẹ sinmi."

"Mi ò gbé e fún ẹnì kankan."

"Ẹ̀rù ń bà yín."

Mo bu ṣíbí mìíràn, ìdajì rẹ̀ dànù sí ọmọ lọ́rùn.

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé nígbà tí nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ gba inú búbá mi kọjá. Mo rò pé gbuuru ni. Mi ò lè wò ó. Ìyàwó mi ló fọwọ́ kàn án, tó gbóòórùn rẹ̀, tó ní, "Ìtọ̀ ni," tó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dé, ó tẹ ikùn ọmọ, ó wo àwùjẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ò tíì tó, Bàbá. Ẹ máa bá a lọ." Ó gbé agolo mi jáde.

Ìyàwó mi ní kí n bọ́ búbá kóun lọ fọ̀ ọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo gbé ṣíbí.