Yàrá Ọ̀tún Tàbí Yàrá Òsì

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé ní Ìkàrẹ́. Nígbà tí orúnkún mi kò gbà fún mi mọ́ láti máa gun àtẹ̀gùn, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé mò ń padà sí ilé bàbá mi ní Ọ̀kà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé ibẹ̀. Ilé alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lára, páànù rẹ̀ sì ti pọ́n bí epo. Èrò mi ni pé kí n gbálẹ̀, kí n tẹ́ ẹní, ó parí. Mi ò mọ̀ pé ilé tó ti pẹ́ láìsí ènìyàn, bí àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn ló rí: ibi tó o bá fọwọ́ kàn ni yóò ní ibẹ̀ ló ń dun òun.

Kápẹ́ńtà wò ó, ó ní páànù ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Bíríkìlà ní rárá, ògiri tó ti là ni. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, wáyà ni o! Wáyà yẹn ti gbó ju ẹ̀yin fúnra yín lọ."

Owó ọwọ́ wa kò lè ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mi ò mọ̀wé púpọ̀, mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́, mo tò wọ́n sójú fèrèsé: èyí ni páànù, èyí ni ògiri, èyí ni wáyà, èyí ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní òwúrọ̀ màá fi páànù ṣíwájú. Tó bá di ọ̀sán, mo ti gbé e padà sẹ́yìn. Orí mi dàrú.

Ìgbà tí mo fẹ́ lọ sí ṣáláńgá ni ojú mi là díẹ̀. Orí àpáta lẹ́yìn ilé ni bàbá mi kọ́ ọ sí, ọ̀nà ibẹ̀ ń yọ̀, ó sì ga. Mo dé àárín ọ̀nà, mi ò lè lọ, mi ò sì lè bọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ bí ewúrẹ́. Mo wá sọ fún ara mi pé bí páànù bá jò, bàsíà ni màá fi gbe omi rẹ̀. Orúnkún tí kò lè tẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi gbè é? Mo padà wọlé, mo gbé òkúta ilé ìgbọ̀nsẹ̀ síwájú, mo sì ní mi ò tún gbé e kúrò mọ́.

Inú ilé ni ó gbọ́dọ̀ wà. Bíríkìlà yí ilé ká, ó fi díìgà gún ilẹ̀ káàkiri, nítorí pé àpáta ló pọ̀ jù. Ó wá tọ́ka sí àwọn yàrá kékeré méjì tó dojú kọra ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Ó ní, "Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, Màmá. Ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo ní, "Dúró ná."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ gbàgbé nǹkan síbì kan ni?"

"Ìyá mi ni."

Ó ṣí fìlà rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, àtonígbàgbọ́ àtaláìgbàgbọ́. Ọmọdé ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Wọ́n gbé mi lọ sí Ìkàrẹ́ kí n má baà rí i. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti fi amọ̀ rẹ́ gbogbo ilẹ̀ ilé, ó ń dán. Mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú yàrá méjì yẹn ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ọmọdé lóhùn? Lẹ́yìn náà bàbá mi da sìmẹ́ǹtì lé ilẹ̀, kò sì sàmì kankan sí i.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ògbàgì.

"Ọ̀tún ni," ló sọ, kò tiẹ̀ rò ó. "Bó o bá ti wọlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ."

"Ẹnu ọ̀nà wo ni mo gbà wọlé?"

Ẹ rí i, nígbà tí wọ́n la títì gba ìsàlẹ̀ ilé wa, bàbá mi dí ẹnu ọ̀nà tó wà tẹ́lẹ̀, ó ṣí òmíràn sí ẹ̀yìn, kí ilé lè máa wo títì. Ọ̀tún àtijọ́ ti di òsì òde òní.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n ti yí i kí ìyá wa tó kú. Èmi ni mo ru amọ̀ tí wọ́n fi dí i!"

Mo gba ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi lọ, ìyá àgbà tó ṣẹ́kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀.

"Irọ́ ni," ló sọ. "Ìyá rẹ kò mọ ẹnu ọ̀nà tuntun. Ti àtijọ́ la gbé e gbà wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ru amọ̀ rẹ̀, Màámi."

"Ta ló ru amọ̀? Ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ tí yóò lọ sùn sábẹ́ igi! Amọ̀ ilé ìdáná ló rù, kó sì tó rù ú, mo ti nà án."

A jọ rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó ní, "Àbí... dúró ná." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Ọmọ mi, omijé kún ojú mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì."

Mo padà sílé, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ọ̀pá kan ilẹ̀ yàrá kìíní, mo kan ti èkejì, ohùn kan náà ni wọ́n fọ̀. Mo rántí pé bàbá mi máa ń dá jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí mo ti ronú tó, mi ò lè rántí ibi tó máa ń kọjú sí.

Ọmọ mi tún pè. "Mọ́mì, òjò ń bọ̀ o. Ẹ mú ọ̀kan ṣáá. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ ò mọ̀!"

Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí bíríkìlà dé lọ́jọ́ kejì, mo mú un lọ sí pálọ̀. Mo ní kó gé igun kan níbẹ̀, ilẹ̀ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ náà díẹ̀.

"Nínú pálọ̀, Màmá? Níbi tí àlejò ń jókòó sí?"

"Wọn á sún mọ́ra."

Ó ní àfi kí òun mọ ògiri tuntun, páìpù yóò gùn, kò sì ní ṣẹ́ku owó tí a máa fi ṣe páànù lọ́dún yìí. Mo ní mo gbọ́. Mo mú òkúta páànù, mo gbé e sí ìparí fèrèsé.

Mo ti ń gbé ibẹ̀ báyìí. Orúnkún mi ń gbádùn. Àwọn tó wá kí mi máa ń fi pálọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń lò ó. Yàrá òsì ni mò ń sùn sí, mo kó gààrì àti èlùbọ́ sí ti ọ̀tún. Tí mo bá jí, màá kúnlẹ̀ díẹ̀, bí orúnkún bá ti gbà mí tó, màá kí apá ìhín, màá sì kí apá ọ̀hún.

Páànù ṣì ń jò nínú yàrá méjèèjì. Bí òjò bá ti ṣú, èmi náà á gbé bàsíà méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, nítorí mi ò mọ èyí tí omi yóò ti kán lé ìyá mi lórí.