Akoto Tí Wọ́n Tì Mọ́lé Lójú Mùíbì

Mùíbì Ọláìtán, tó ń gun alùpùpù kiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láti gún àwọn ọmọ wa lábẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná, ti kú. Epo pupa dà sílẹ̀ láti inú lọ́rì kan lójú ọ̀nà Àjàgbà, òun ló mú táyà rẹ̀ yọ̀. Àwọn tó gbé e sọ pé apá rẹ̀ kò kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kán. Orí ló fi gbalẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lórí náà ju irun lọ.

Ẹ má sọ fún mi pé akoto kò sí. Lẹ́yìn tí ogun Bìáfírà parí, Ìgbìmọ̀ Ìlera Igbó-Ọ̀pẹ ra akoto, ìbọ̀wọ́ aláwọ àti bàtà gígùn fún gbogbo àwọn tó ń gun alùpùpù wọn. Ìṣojú wa ni wọ́n ti ya fọ́tò. Mùíbì wọ tirẹ̀, ó ń yan bí ọkọ ìyàwó.

Bó bá dé abúlé, tí àwọn ọmọdé bá ti gbúròó alùpùpù, tí wọ́n sì sá wọ oko ẹ̀gẹ́, á ṣí akoto náà, á ní ẹni tó bá láyà ni òun máa dé e fún. Akoto á bo ọmọ náà dé imú. Kó tó mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti tán. Mo rí ọmọ tó tún lọ tò lẹ́ẹ̀kejì, kó ṣáà lè dé akoto.

Kí ló wá dé? Ọ̀wọ̀ ló dé. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ jókòó síwájú ilé ìpàdé lọ́jọ́ kan, Mùíbì ń kọjá lórí alùpùpù, ó na ọwọ́ sókè kí wọn. Kò ṣí akoto, nítorí okùn rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n. Kò dọ̀bálẹ̀. Ta ní ń dọ̀bálẹ̀ lórí alùpùpù? Olóyè Lucas Àríyọ̀, alága ìgbìmọ̀, bá dìde.

"Ọma yìí dé igbá kọjá níwájú àwọn baba rẹ̀! Ṣé Ìkálẹ̀ kọ́ la wà ni?"

Mùíbì yí padà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, bàbá. Bí mo bá ní kí n máa ṣí i lórí eré, màá ṣubú ni."

"Àwa tí a gun kẹ̀kẹ́ láti Òde-Ayé dé Okitipupa, akoto wo la dé? Dá a padà!"

Bí wọ́n ṣe gba akoto lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń gun alùpùpù nìyẹn, tí wọ́n tì í mọ́ sítọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Ẹ wo bí a ṣe mọ ìwà hù tó! Ibòmíràn, orí ni wọ́n ń dáàbò bò. Lọ́dọ̀ wa, iyì àgbà là ń dáàbò bò.

Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí pé ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí. Ẹnu àwọn àgbà wọ̀nyí la ti gbọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, ẹ̀yin bàbá. Ẹ rí orí, fìlà lẹ bèèrè.

Nílé òkú, Olóyè Àríyọ̀ ṣí fìlà, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mọ̀dínátù, opó Mùíbì, wà lórí ẹní. Ó gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó Ọlọ́run mọ́ ọn. Ọlọ́run kọ́ ló ni sítọ́ọ̀."

Ó tún bèèrè pé:

"Ta ló máa gun alùpùpù náà báyìí?"

"Dáúdà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni," ni olóyè dáhùn.

"Ṣé ẹ ó fún un ní akoto?"

Bàbá ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà.

Wọn ò tíì jókòó títí mo fi ń kọ èyí. Olóyè Àríyọ̀, ẹ̀yin lẹ pàṣẹ, ẹ jáde sí gbangba kí ẹ wí tẹnu yín, kí ẹ sì fi ipò alága sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ ṣí sítọ́ọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Dáúdà ń lọ sí Akotogbo láìdé akoto. Bí ẹ kò bá ní ṣí i, ẹ lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé kó tó dọjọ́ náà, kí ẹ wò ó lójú, kí ẹ sọ fún un pé ìkíni yín ju orí ọkọ rẹ̀ lọ.