Ọwọ́ tí Balzer Cavegn Nà Sókè

Ní ọjọ́ tí a pè wá jọ ní Sumvalera láti pinnu bóyá kí ìlú wa kékeré di ara Plaunca tí ó wà nísàlẹ̀ àfonífojì, Balzer Cavegn ni ó kọ́kọ́ dé yàrá ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣe ìpàdé. Ó jókòó sí ìlà kejì, ó ṣí fìlà, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Gbogbo àga yòókù ṣì ṣófo.

Mengia Deplaz, alága ìlú, wọlé pẹ̀lú ìwé lábíyá, ó sì dúró.

"Bàbá Balzer, ẹ gbé ọwọ́ yín wálẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó bi yín ní nǹkan kan."

"Mo mọ ìdáhùn mi, Mengia. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni kó o bèèrè."

"Ó máa rẹ̀ yín o."

"Ìlú mi ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́, ìwọ ń sọ̀rọ̀ àárẹ̀!"

Wákàtí méjì ni a fi jíròrò. A sọ̀rọ̀ lórí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti tì pa, a sọ̀rọ̀ lórí yìnyín tí kò sí ẹni tí yóò máa kó o kúrò lójú ọ̀nà, a sì sọ pé ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta péré ni ó kù nílùú, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fẹ́ jẹ alága lẹ́yìn Mengia. Ọwọ́ Balzer kò kúrò lókè. Nígbà tí a pín búrẹ́dì àti ẹran gbígbẹ, ọwọ́ òsì ni ó fi jẹ tirẹ̀.

Níkẹyìn, Mengia dìde. "Àwọn tó fẹ́ ká dà pọ̀ mọ́ Plaunca, ẹ nawọ́."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ kà, Balzer kò sì fara mọ́ ọn rárá. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ wálẹ̀, ọwọ́ kọ̀. Èjìká náà ti yẹ̀ nígbà kan rí tí ó jábọ́ láti orí àká koríko, wákàtí méjì tí ó sì ti lò lókè ti sọ ọ́ di igi. Ó fi ọwọ́ òsì fà á. Ó fi eyín fa apá ẹ̀wù. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Gieri Pally, tí ó ń ka ìbò, ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń kà. Ó ka àwọn tí ó fẹ́, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ó ka àwọn tí kò fẹ́, láìka Balzer lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rín náà sì dáwọ́ dúró lójijì, nítorí pé kò sí ẹni tí kò lè ṣe ìṣirò yẹn.

Gieri fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó fẹ́ ìdàpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Balzer, ọwọ́ rẹ wà nínú mẹ́tàdínlógún yìí. Ní kí n tún un kà. Yára sọ ọ́."

"Kí ni òfin wí?"

"Fi òfin sílẹ̀ jàre!"

"Ta ló kọ òfin yẹn, Gieri?"

"Ìwọ ni, olóríkunkun."

"Ó dáa. Kọ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀."

Ó yẹ kí a ṣàlàyé òfin náà. Ní ogún ọdún ṣáájú, nígbà tí a ń dìbò bóyá kí a da ọ̀dà sí ọ̀nà pápá òkè, Gieri na ọwọ́ sókè, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì yára fi ọwọ́ náà họ orí. Balzer, tí ó ń ka ìbò lọ́jọ́ náà, fò sókè. "Mo ti kà á! Ọwọ́ tó bá ti gòkè ti sọ̀rọ̀!" Gieri ní, "Orí ló ń yún mi!" Balzer ní, "Kó tó máa yún ọ, o ti dìbò!" Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n fi jà sí i, títí a fi kọ ọ́ sínú ìwé òfin ìlú pé ọwọ́ tí a bá ti kà kò ṣeé gbà padà. A da ọ̀dà náà. Ìyàwó Gieri kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà náà fún odidi ọdún méjì. Àárín koríko ni ó ń gbà.

Ọkùnrin tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìlú rẹ́ yìí ni ó mọ ìtàn ìlú náà ju gbogbo wa lọ. Ó máa ń sọ nípa Barla, ìyá ńlá rẹ̀ kan láyé àtijọ́, ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé gòkè wá láti kó oúnjẹ, tí ó sì ní kí wọ́n nu bàtà kí wọ́n tó wọlé jalè. Wọ́n nù ún. Nígbà tí àwa wà ní kíláàsì kìíní, ọmọ ogun méjìlá ni ó nu bàtà. Nígbà tí a fi máa jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti di ogójì. Bí Balzer bá tún lo ọdún díẹ̀ sí i, kò sí ará Faransé kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ́.

Ó mọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú, láti odò títí dé ibi tí igi kì í hù mọ́. Òkúta ààlà kẹsàn-án wà ní pápá tí ó pín àwa àti Plaunca níyà. Ní ọdún kan, ọkùnrin kan tí ó ń wọn ilẹ̀ gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gòkè wá, ó sì ní òkúta náà ti fi ẹsẹ̀ bàtà méjì wọ ilẹ̀ Plaunca. Balzer lọ jókòó lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀rọ ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Ọmọ ibo ni ẹ̀rọ yẹn?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ni!"

"Ó dáa, kó wá sọ ọ́ lójú òkúta. Òkúta ti wà níbí kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀rọ."

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ fún un, Balzer kọ̀. Ó fi ìdajì kún un. Balzer yọ wàràkàṣì láti inú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ọkùnrin náà fa ìlà yí i ká, ó sì lọ sílé. Bí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀ náà, ẹ ó rí ààlà tí ó bọ̀ tààrà láti odò, tí ó ṣàdédé tẹ̀, tí ó sì tún tààrà lọ. Bí ìdí Balzer ṣe fẹ̀ tó gẹ́lẹ́ ni ó ṣe tẹ̀.

Láti àárín oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kìíní, oòrùn kì í kan òrùlé wa, nítorí òkè tí ó wà níwájú. Àwọn ará Plaunca máa ń fi èyí ṣe wá yẹ̀yẹ́. Balzer a ní, "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mọ bí wọ́n ṣe ń kí i." Ní ọjọ́ tí oòrùn bá padà dé, òun ni ó máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó máa ń bá a wí pé ó pẹ́. Ní ọdún kan, kùrukùru bo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà gan-an. Balzer ní oòrùn kò wá jẹ́ ìpè, nítorí náà ìgbà òtútù kò tíì parí, ó sì dé fìlà onírun títí di oṣù karùn-ún, pẹ̀lú òógùn tí ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀.

Ó lo ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìbò náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Plaunca wá pààrọ̀ pátákó tí ó wà lẹ́nu ìlú, tí wọ́n kọ Plaunca gàdàgbà, tí wọ́n sì kọ Sumvalera wẹ́wẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ ọkà báálì wá fún wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Ó kọ́kọ́ béèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ ipò orúkọ méjèèjì. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tóbi dọ́gba, nígbà náà." Wọ́n ní wọn ò láṣẹ. Nígbà tí wọ́n fi máa gba àwo kẹta, wọ́n ti fi ọ̀dà kun tiwa ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ṣì kéré lónìí, ṣùgbọ́n ó dúdú ju ti Plaunca lọ.

Kò sí ẹni tí ó dá a lẹ́bi lójú rẹ̀. Òun náà kò sì sọ̀rọ̀ ìbò náà mọ́. Àfi ọjọ́ kan tí Mengia lọ gbá yàrá ìpàdé, tí ó bá a níbẹ̀ ní òun nìkan, lórí àga ìlà kejì, tí ó wọ ẹ̀wù ọjọ́ Àìkú.

"Bàbá Balzer, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń dúró de ìpàdé."

"Bàbá, kò sí ìpàdé níbí mọ́. Plaunca ni wọ́n ti ń ṣe é."

"Mo mọ̀," ni Balzer wí. "Mo kàn fẹ́ tètè dé ni."

Mengia gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì jọ wo pátákó ìkọ̀wé tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún kẹfà lẹ́yìn ìbò náà ni ó kú. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, àwọn tí wọ́n ti kó lọ láti ọdún pípẹ́ gun bọ́ọ̀sì wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ akọ̀wé ní Plaunca dìde láti ka ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Ó ní, "Balzer Cavegn, ọmọ ìlú Plaunca," gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Gieri dìde. "Ọmọ mi, dúró ná. Ọmọ Sumvalera ni."

"Bàbá, ẹ má bínú, ohun tó wà nínú ìwé nìyí. Kò sí Sumvalera nínú ìwé mọ́."

"Mo mọ̀. Mo wà lára àwọn tó yọ ọ́ kúrò." Ó nawọ́ sí pósí. "Ìwé lo gbé wá, àwa la gbé òkú wá. Ṣàánú wa, pè é bó ṣe ń pe ara rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo ìwé, ó wo pósí, ó sì ká ìwé náà. "Balzer Cavegn," ni ó wí, "ti Sumvalera." Èyí ni àríyànjiyàn àkọ́kọ́ tí Balzer borí láìpariwo.

Láti ìgbà náà, bí ìpàdé bá wà ní Plaunca, Gieri a wọ bọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò dìde, yóò sì ní, "Gieri Pally, ti Sumvalera," kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, alága Plaunca máa ń tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, Mengia bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ìyàwó Gieri náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, alága sì jáwọ́. Báyìí, akọ̀wé kàn máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Orúkọ ìlú wa wà nínú ìwé ìpàdé Plaunca ju bí ó ti wà nínú tiwa lọ, nígbà tí a ṣì ní ìwé tiwa. Ó dá wa lójú pé Balzer ì bá rí àṣìṣe kan níbẹ̀, ì bá sì fò dìde lórí àga láti sọ ọ́. Bí a bá ti parí ìpàdé, tí a sì ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù, ohùn yẹn gan-an ni etí wa ṣì ń wá.