Ojú Kejì fún Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó

Lọ́jọ́ tí aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó lọ ra kámẹ́rà tí yóò máa gbé rìnrìn àjò, téèpù ìwọnṣọ ló fi kọ́rùn wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó wọn kámẹ́rà mẹ́fà lóòró àti níbùú. Ó gbé wọn kọ́ ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rìn yí káńtà po, ó ní èyí tí ọrùn òun kò bá gbà, àpò òun náà kò ní í gbà á. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ṣe sùúrù títí ó fi mú ọ̀kan.

"Bàbá, ó ku ojú, gíláàsì tí kámẹ́rà fi ń ríran, tí a ó fi sí i. Ojú méjì ni arìnrìn-àjò ń lò. Kúkurú yìí wà fún ilé àti títì. Gígùn yìí wà fún ohun tó bá jìnnà, á fà á sún mọ́ yín."

"Ẹ jẹ́ n wò ó ná." Ó wò ó títí. "Ojú méjì l'Ọlọ́run fún mi, mi ò tíì lò wọ́n gbó. Ohun tó bá jìnnà, ẹsẹ̀ mi ni n ó fi lọ bá a."

Kúkurú nìkan ló rà.

Ìtàn yìí ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin fẹ́ fi pa ìyá rẹ̀ lẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Kò sí àwòrán bàbá nínú ilé àfi ti káàdì ẹgbẹ́ aránṣọ, níbi tí ó ti lejú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. "Ẹni tó ya gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó yà á," ni ìyá ń wí ṣáá. Káàdì inú kámẹ́rà, tí àwòrán ń wọ̀ sí, nìkan ló kù tí wọn kò tíì wò, òjò sì ti wọ kámẹ́rà náà nírìn àjò tó kẹ́yìn. Ẹ̀rù ń ba ọmọ pé káàdì náà lè ti bà jẹ́.

Wọ́n gbé káàdì lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún ló rántí ìtàn tirẹ̀ nípa bàbá, ó ní:

"Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n rà á, bàbá padà wá. Odindi aránṣọ, ṣòkòtò ya láti orókùn délẹ̀! Màlúù ni wọ́n lọ yà lẹ́bàá odò. Wọ́n ń sún mọ́ ọn, wọ́n ń sún mọ́ ọn, àfi bí màlúù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ àwọn náà. Wọ́n ní, 'Fún mi ní ojú kejì, jàre. Ẹsẹ̀ màlúù yá ju tèmi lọ.'"

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá kàn mi orí.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. Ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: òkè, afárá, ẹyẹ, ìyá níwájú òkè, ìyá lórí afárá, ìyá tó ń pariwo pé ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá kò sí nínú ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ dọ́kàn.

Fídíò kan ló gbẹ̀yìn, ó dúdú kirimú. "Ó jọ pé wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni," ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wí, ó fẹ́ pa á. Ni ohùn bàbá bá jáde látinú òkùnkùn:

"Ta ló gbé ìdérí ojú kámẹ́rà mi? Mo ti tú gbogbo àpò! Kámẹ́rà yìí gan-an ti bà jẹ́, mi ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀!"

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá ti dìde, ó nàka sí kọ̀ǹpútà.

"Ojú ẹ̀ náà ló wà! Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wo ojú ẹ̀! Ìdérí ń bẹ lójú ẹ̀!"

"O tún fẹ́ jiyàn," ni bàbá wí látinú fídíò, bí ẹni pé ó gbọ́ ọ.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in débi pé ó ní láti jókòó, ó di apá ọmọ rẹ̀ mú gírígírí. Ọmọ mí kanlẹ̀, ara tù ú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Nínú òkùnkùn, bàbá ṣì ń tú àpò, ó ń ráhùn. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù béèrè bóyá kí òun pa fídíò náà báyìí.

"Ẹ má pa á," ni ìyá wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá ìdérí wọn."