Eruku Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi

Lánàá, pẹ́ńtà ń fi pọ́tì dí ihò ara ògiri ní fúláàtì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní Bódìjà. Bí mo ṣe gbọ́ òórùn pọ́tì yẹn ló di pé mo tún wà ní pálọ̀ wa ní Agbowó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ náà ni ẹbí ọkùnrin kan ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ fi ṣaya. Màmá ti ra wólpépà olódòdó, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ dí àwọn ihò, kí a sì fi sáńpépà ra ògiri kó jọ̀lọ̀.

"Ẹ máa rì í bọmi o! N ò fẹ́ eruku lórí àga mi."

Màmá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa láti ìta, wọ́n gba ọjà lọ. Mo rò nígbà náà pé kí àwọn aládùúgbò má baà rí ògiri wa ni.

Gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró níta ni ẹ̀gbọ́n mi ń sáré lọ sójú fèrèsé, tó ń di irin rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Àǹtí mi, kí ló ṣe yín?"

"Eruku ló kó sí mi lójú."

Mo rọra ya ìpéǹpéjú rẹ̀, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó jẹ́ kí n máa fẹ́ ẹ.

Pẹ́ńtà tàná náà ri sáńpépà tirẹ̀ bọmi, ó fi ra gbogbo ògiri títí ó fi jọ̀lọ̀. Eruku kankan ò sọ, bí kò ṣe sọ ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà.