Zakariyah Atúnorinṣe

Ní Ẹdẹ, bí ohùn bá yà kúrò lójú orin, tàbí tí ọwọ́ bá ṣi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀, ọ̀dọ̀ Zakariyah ni wọ́n ń gbé orin náà lọ fún àtúnṣe. Yàrá kan ṣoṣo ló ní lọ́nà Alájùé. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Atúnorinṣe, orúkọ náà sì ń wú u lórí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn tirẹ̀ gan-an kò ṣeé tì dáadáa, kò sì tún un ṣe.

Nígbà tí àìsàn ti ń gba agbára ọwọ́ Esther, ìyá Ìfẹ́olúwa, tó ń tẹ dùùrù fún ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó wá bá a. Ó ní òun fẹ́ tẹ orin kan tí òun fúnra òun ṣe sílẹ̀, kí wọ́n fi sin òun, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Zakariyah fa wáyà láti ara kíbọ́ọ̀dù wọ kọ̀ǹpútà, ó darí rẹ̀ sí sọ́fítíwia tí ń dún bíi dùùrù ńlá, ó sì tún darí rẹ̀ síbi ìgbàsílẹ̀. MIDI ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn. Kì í gba ohùn sílẹ̀. Ìtẹ̀ ọwọ́ ló ń kó jọ, èèyàn sì lè sún ọ̀kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn bó ṣe wù ú. Ìyá tẹ orin náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó kú, àánú rẹ̀ ṣe Zakariyah. Kò fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ bí ọwọ́ náà ṣe ń gbọ̀n. Ó to gbogbo ìtẹ̀ sórí ìdíwọ̀n aago inú ẹ̀rọ kí ó lè máa lọ déédé, ó pa àlàfo àárín àwọn ẹsẹ dé, ó sì fi èyí tuntun rọ́pò ti àkọ́kọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ọkọ olóògbé wá gbọ́ ọ nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní kí ó tún un gbé sí i.

"Ta ló tẹ èyí?"

"Màmá ni, sà. Mo kàn tún un ṣe díẹ̀ ni."

"Ìyá Ìfẹ́ kì í sáré báyìí. Bí ẹsẹ kan bá parí, ó máa ń dúró kí àwa àgbà tí ń kọrin tẹ̀lé e mí. Ìwọ lo yọ ọ́ kúrò."

Ó béèrè ti àkọ́kọ́. Zakariyah wá inú kọ̀ǹpútà títí òógùn fi bò ó, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ní kó dìde, àwọn á lò ó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Zakariyah dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìtìjú. Dùùrù bẹ̀rẹ̀, ó gún régé. Ẹsẹ àkọ́kọ́ parí, àwọn àgbà dúró mí bí ìyá ṣe kọ́ wọn, ẹ̀rọ kò dúró. Wọ́n ń lé e, ọwọ́ wọn kò tó o. Dùùrù parí, ó dákẹ́, ẹsẹ kan gbáko ṣì kù lẹ́nu wọn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi kọ ọ́ tán níwájú pósí ìyá.