Tìmùtìmù Oníhò

Ọkọ mi ló ń rán tìmùtìmù àga fún gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá jókòó sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ dìde mọ́. Àmọ́ ẹ wá wo ilé wa! Pákó lásán ni àpótí tí mo máa ń jókòó lé dáná. Tí mo bá ráhùn, á ní, "Ó ń bọ̀, ìyá wọn." Ó ń bọ̀ yẹn ò dé rí.

Nígbà tí àyà ń dùn ún, wọ́n fún un ní oògùn ọkàn nílé ìwòsàn, ara sì tù ú. Ìgbà tó yá, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó lọ ń sùn ní pálọ̀. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, á ní ó rẹ òun. Ó dùn mí wọra. Mo ní àbí mo ti di àkísà ni?

Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo rí tìmùtìmù roboto kan lábẹ́ máṣíìnì, aṣọ àrán pupa ni wọ́n fi bò ó, ihò wà láàárín rẹ̀. Orí mi gbóná, mo fà á yọ.

"Ta lo rán èyí fún? Èmi ń jókòó sórí pákó, o wá ń rán àrán fún àlè!"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àga, ó rọra jókòó lé e. Ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Egbò ni," ó ní. "Ojú abẹ́ mi ni. Mi ò mọ obìnrin kankan níta, àmọ́ ta ló máa gbà mí gbọ́? Ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ kó àrùn ràn ọ́."

Háà! Ẹkún gbọ̀n mí. "Dìde, ká lọ rí dókítà."

"Kí n wá bọ́ ṣòkòtò níwájú dókítà tí mo lè bí lọ́mọ?"

"Wàá bọ́ ọ. Màá dúró tì ẹ́."

Dókítà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó béèrè oògùn tó ń lò lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, oògùn ọkàn yín ló fa egbò yìí. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Kì í ràn. Ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín o. A máa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

Ọkọ mi yíjú sí mi, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo ti gbà ọ́ gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù, olóríkunkun."

Díẹ̀díẹ̀, egbò náà jinná. Ìrọ̀rí rẹ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ kíṣìnnì, mo bá tìmùtìmù kékeré roboto lórí àpótí mi, àrán pupa kan náà. Mo jókòó. Ó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀.

"Ìgbà wo lo rán èyí?"

"Ọjọ́ tí mo rán tèmi ni," ó ní. "Ibi tí mo gé kúrò láàárín rẹ̀ ni. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe máa gbé e fún ọ láìsọ ibi tó ti wá."